Ẹni Tí Ó Rí Ti Di Onígbèsè

Òǹkàwé mi, fi ojú inú wo kànga kan tí kò ní ìdérí lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ọmọ kékeré kan ń rá bọ̀ ní ẹnu kànga náà. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ, afọ́jú ni. Ó gba ibẹ̀ kọjá, kò dúró, kò sì sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kejì dé. Ojú tirẹ̀ ríran kedere. Ó rí ọmọ, ó rí kànga, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ já sínú omi. Nígbà tí ìlú bá pé jọ láti sọ ọ̀rọ̀ náà, ta ni a óò dá lẹ́bi? Kò sí ẹni tí yóò bá afọ́jú wí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ni yóò ké mọ́ ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí o bá rò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ọmọ náà. Òun kọ́ ni ó gbẹ́ kànga, òun kọ́ ni ó tì í sí i. Ohun kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀ sí afọ́jú: ó rí.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣe àkíyèsí pé òwe yìí kò sọ pé àgbà náà ni ó bí ọmọ, kò sì sọ pé òun ni ó pọ̀n ọ́n. Ohun tí ó sọ ni pé ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì tó o. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di onígbèsè. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ìmọ̀ ọmọ ènìyàn bá ń pọ̀ sí i, tí ojú rẹ̀ sì ń ríran jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ǹjẹ́ gbèsè rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i bí? Omi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í mu ún, àti nítorí pé ní ayé tiwa yìí, ènìyàn ti ní ojú tuntun tí ó fi ń wo omi, ojú tí àwọn baba wa kò ní.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí omi ti rí yóò lọ sí etí rẹ̀. Yóò bù ú, yóò wò ó, yóò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára, a kò sì tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n igbá omi kan kò lè ròyìn ju ibi tí a ti bù ú lọ. Bí ọ̀sà bá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní èbúté kan kò rí èbúté kejì, igbá mélòó ni a óò bù kí a tó mọ bí gbogbo rẹ̀ ti rí?

Ní oṣù Keje ọdún 1972, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí òkè réré, tí ó ń yí ayé po, tí ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀ àti omi. Sátẹ́láìtì ni a ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Landsat sì ni orúkọ tí a wá fi ń pe èyí àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ní ọdún 1978, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, Nimbus-7, tí ó gbé ẹ̀rọ kan dání tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka àwọ̀ omi òkun. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà náà ní NigeriaSat-1 tirẹ̀, èyí tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ní ọdún 2015, àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn Sentinel-2 ránṣẹ́. Àwọn Landsat méjì tí a fi ránṣẹ́ ní ọdún 2013 àti ọdún 2021 ń rìn ní nǹkan bí 705 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa padà wá wo ibì kan náà ní gbogbo ọjọ́ 16.

Báwo ni ojú tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ ohun tí ó wà nínú omi? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a ń rí ní funfun kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Bí òṣùmàrè bá yọ, ìwọ fúnra rẹ a máa rí àwọn àwọ̀ tí ó para pọ̀ di ìmọ́lẹ̀ náà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá bọ́ sórí omi, omi yóò gbé àwọ̀ kan mì, yóò sì dá òmíràn padà sókè. Omi jíjìn tí ó mọ́ a máa gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá, a sì máa dá àwọ̀ búlúù padà. Ìdí nìyí tí òkun fi ń rí bí aró. Omi tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ a máa dá àwọ̀ ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ewé omi wínníwínní, tí ojú lásán kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bá pọ̀ nínú omi, èròjà inú wọn, èyí tí gbogbo ewé fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ di oúnjẹ, yóò gbé búlúù àti pupa mì, yóò sì dá àwọ̀ ewé padà. Sátẹ́láìtì a máa wọn iye àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó padà sókè, títí kan àwọn kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Láti inú ìwọ̀n yìí ni onímọ̀ ti ń ṣírò bí ẹrẹ̀ ti pọ̀ tó àti bí ewé ti pọ̀ tó. Bí omi bá mọ́ tí kò sì jìn, a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá: koríko abẹ́ omi tí ẹja ń tọ́ ọmọ sí, àti àpáta iyùn tí ó jẹ́ ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá. Landsat tún lè mọ bí ojú omi ti gbóná tó.

Síbẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ìyanu yìí mú ọ gbàgbé pé ojú náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run, kò lè rí àwọ̀ omi tí ó wà nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán Landsat, ibi tí ó fẹ̀ ní mítà 30, tí ó sì gùn ní mítà 30, ni ó dúró fún ẹyọ àmì kan. Nítorí náà, odò kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé yín kò lè hàn nínú rẹ̀. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àwọ̀ ni ó ń rí, kì í ṣe májèlé. Kì í ṣe gbogbo omi aláwọ̀ ewé ni oró wà nínú rẹ̀. Kí a tó mọ èyí tí ó ní oró, ẹnì kan ní láti wọ ọkọ̀, kí ó lọ bu omi náà sínú ìgò, kí ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ní báyìí tí o ti mọ bí ojú náà ti ń ríran, jẹ́ kí a lọ sí ibì kan tí ó ti ríran, kí a wo ohun tí àwọn tí ó fi hàn ṣe. Adágún Erie wà láàrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Kánádà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú adágún ńlá márùn-ún tí ó wà ní agbègbè náà, nínú gbogbo wọn òun sì ni kò jìn jù. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ènìyàn ni ó ń mu omi rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ẹ̀gbin ìlú, ọṣẹ ìfọṣọ àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ti bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé adágún náà ti kú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, epo àti pàǹtí tí ó léfòó lórí Odò Cuyahoga, tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, gbiná. Rò ó wò ná: iná ń jó lórí odò! Ojú ti àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1972, ọdún kan náà tí Landsat kìn-ín-ní gòkè, ìjọba ilẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò tún omi náà ṣe. Wọ́n dín èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù nínú ọṣẹ, wọ́n sì ń sẹ́ omi ẹ̀gbin kí ó tó wọ adágún. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, adágún tí a ti sọ pé ó kú ti jí, ẹja sì tún pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìbá dùn bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1990, àwọ̀ ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní apá ìwọ̀-oòrùn adágún náà. Lọ́tẹ̀ yìí, láti inú oko ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá. Odò Maumee ń gba àárín oko àgbàdo àti sóyà kọjá. Bí òjò bá rọ̀, a máa fọ ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran kúrò nínú oko sínú odò, odò a sì gbé e lọ sínú adágún lẹ́bàá ìlú Toledo. Ajílẹ̀ tí ń mú àgbàdo yọ ọmọ dáadáa a máa bọ́ àwọn ohun wínníwínní inú omi pẹ̀lú. Láàrin wọn ni ẹ̀dá kan wà, tí ó jọ ewé omi, tí ó máa ń ṣe oró kan tí a ń pè ní microcystin, oró tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn ohun wínníwínní yìí bá sì kú, jíjẹrà wọn a máa gba èémí tí ó wà nínú omi, ibùgbé ẹja a sì di ahoro.

Sátẹ́láìtì rí gbogbo èyí. Ní ọdún 2011, ó rí ìbòrí aláwọ̀ ewé tí ó ju gbogbo èyí tí a ti wọ̀n rí nínú adágún náà lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn onímọ̀ àjọ NOAA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ṣáájú pé òmíràn ń bọ̀. Ó sì dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìlú Toledo kìlọ̀ fún àwọn tí ń lo omi rẹ̀, tí wọ́n lé ní 400,000, pé kí wọ́n má ṣe mu omi ẹ̀rọ. Wọ́n sì fi ohun kan kún un tí ó yẹ kí ó mú ọ ronú: wọ́n ní kí wọ́n má ṣe gbé e kaná. Láti kékeré ni a ti kọ́ èmi àti ìwọ pé iná ni oògùn omi tí kò mọ́. Ṣùgbọ́n iná kò ran oró yìí. Bí omi ti ń hó tí ó sì ń fà, bẹ́ẹ̀ ni oró náà ń le sí i nínú ìwọ̀nba tí ó kù. Títí di ọjọ́ 4 oṣù náà, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gbé lẹ́bàá ọ̀kan nínú adágún tí ó tóbi jù lọ ní ayé, wọn kò sì rí omi tí wọn yóò fi po oúnjẹ ọmọ wọn, àfi èyí tí ó bá ti ibòmíràn wá. Ní ọdún 2015, ìbòrí mìíràn tún dé, èyí tí ó ju ti ọdún 2011 lọ. Ní ọdún yẹn náà, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Ohio àti Michigan ní Amẹ́ríkà àti ti Ontario ní Kánádà ṣe ìlérí pé kí ó tó di ọdún 2025 àwọn yóò ti dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń wọ apá ìwọ̀-oòrùn adágún náà kù ní ìdá 40 nínú 100. Ọdún 2025 ti kọjá, àwọ̀ ewé náà kò sì tíì dẹ́kun láti máa padà wá.

Kí ni ó sọnù nínú ìtàn yìí? Kì í ṣe ojú. Ojú rí i kí ó tó dé, ó rí i nígbà tí ó dé, ó sì rí i nígbà tí ó tún padà wá.

Kí o má bàa rò pé àwọn ará òkèèrè nìkan ni mo ń bá wí, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé kan, orí òkè ni ilé tí mo ń gbé wà, odò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pọn sì wà nísàlẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo ti ń rí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, mo ṣàkíyèsí pé àwọ̀ omi náà ń yí padà. Ó ń funfun bí ẹni pé a da omidùn sí i. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin kan ń ṣe gàrí ní òkè odò, mo sì fura pé omi tí wọ́n ń fún lára ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń dà sí i. Oró wà nínú omi ẹ̀gẹ́ tútù. Ó lè pa ẹja. Mo wò ó ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo wò ó ní ọjọ́ kejì; ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wò ó. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ṣebí baálẹ̀ náà ní ojú. Mo sọ pé bóyá díẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń dà. Mo sọ pé ìwé ni a ní kí n wá kọ́ ọmọ, a kò ní kí n wá ṣọ́ odò. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ kó ẹja òkú wá fi hàn mí, inú wọn ń dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mélòó kan nínú wọn, a sì fi alùpùpù gbé ọ̀kan tí tirẹ̀ le jù lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú wa, ọmọ náà yè. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tètè gbé ọmọ òun lọ. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá àwọn obìnrin náà. Wọn kò bá mi jiyàn. Kò sí èyí tí ó mọ̀ nínú wọn pé omi tí àwọn ń dà sílẹ̀ ń dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń pọn. Ibi tí wọ́n dúró sí kò jẹ́ kí wọ́n rí ìsàlẹ̀ odò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbẹ́ kòtò tí wọn yóò máa da omi ẹ̀gẹ́ sí, ní ibi tí ó jìnnà sí odò. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn wá bi mí léèrè pé, “Ọ̀gá, ìgbà wo ni ẹ ti rí i? Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ fún wa?” Títí di òní, n kò tíì rí èsì tí ó tọ́ fún ìbéèrè náà.

Ìwọ wo àwáwí mẹ́ta tí mo fi tan ara mi jẹ, kí o sì wò ó bóyá kì í ṣe àwọn ni gbogbo ayé fi ń tan ara wọn jẹ lórí ọ̀rọ̀ omi.

Àwáwí kìn-ín-ní ni pé àwọn mìíràn náà ń rí i. Òótọ́ ni. Nígbà kan, owó ni a fi ń ra àwòrán Landsat; ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn lè wo Adágún Erie lónìí, ọmọ Toledo sì lè wo Ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti pọ̀, ewu kan wà níbẹ̀: olúkúlùkù a máa retí pé kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bí ogún ènìyàn bá rí ọmọ lẹ́nu kànga, tí wọ́n sì ń wo ojú ara wọn, kò sí ìrànlọ́wọ́ tí pípọ̀ wọn ṣe fún ọmọ náà. Ojú ẹlòmíràn kò lè san gbèsè ojú tìrẹ.

Àwáwí kejì ni pé ìpín tèmi kéré. Èyí le díẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí a fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ń sọ ọ́. Àgbẹ̀ etí Odò Maumee kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ń gbin ohun tí a ń jẹ. Owó rẹ̀ ni ó fi ra ajílẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn pé òjò ń gbé e lọ. Bí o bá mú àwòrán omi aláwọ̀ ewé náà lọ fi hàn án, yóò bi ọ́ pé, “Èwo ni tèmi níbẹ̀?” O kò ní lè fi hàn án. Sátẹ́láìtì kò lè kọ orúkọ olóko kọ̀ọ̀kan sára omi. Ǹjẹ́ bí gbogbo ènìyàn bá jọ ṣe é, a lè sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣe é bí? Rárá o. Wo ẹgbẹ́ alájọ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni tòun, pé kò lè ṣe nǹkan fún àpò, tí ẹnì kejì sọ bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kẹta sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kàn láti kó o yóò bá àpò òfìfo. Gbèsè tí a pín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún kò tíì di gbèsè tí a san. Ohun tí pípín rẹ̀ ṣe ni pé ó mú kí sísan rẹ̀ rọrùn fún olúkúlùkù.

Àwáwí kẹta ni pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àwọn àgbà ti dáhùn èyí tipẹ́. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Omi kò mọ ààlà oko, kò sì mọ ààlà ìlú. Koríko orí omi kan wà tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ó sẹ̀ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Ní ọdún 1984 ni a rí i ní omi agbègbè Àgbádárìgì, tí ó gba orí omi wọlé láti ìhà Àjàṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bo àwọn omi wa, láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ dé Ìlàjẹ, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ àwọn apẹja, tí ó sì ń ṣíji bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Ìdọ̀tí tí a ń dà sínú omi wà lára ohun tí ń bọ́ ọ. Ojú òkè a máa rí i bí ẹni pé pápá ni ó hù sórí ọ̀sà. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun, nígbà tí ẹja tí a kò rí pa ní Ẹ̀pẹ́ di ẹja tí ó wọ́n lọ́jà ilé rẹ̀?

Ó ku ẹnì kan tí yóò sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ pé ojú kan wà lókè tí ń wo wọn, ẹ̀rù yóò mú wọn hùwà rere.” Òǹkàwé mi, má ṣe gbé ìrètí rẹ lé èyí. Mo ti sọ fún ọ pé ìkúùkù a máa dí ojú náà. Ìgbà wo sì ni ajílẹ̀ ń ṣàn kúrò nínú oko sínú odò? Ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni, tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run. Ní wákàtí tí ohun náà ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni ojú òkè kò ríran. Bẹ́ẹ̀ náà ni olè ń dúró de òru. Ìwà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù ojú ẹlòmíràn ni ó gbé e ró yóò ṣubú ní ọjọ́ ìkúùkù. Ojú kan ṣoṣo tí ìkúùkù kò lè bò ni èyí tí ó wà nínú rẹ, tí a ń pè ní ẹ̀rí ọkàn.

Ta wá ni a jẹ ní gbèsè náà? A jẹ ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò, tí kò lè rí òkè. A jẹ ọmọ tí a kò tíì bí, tí yóò bá omi náà bí a bá ti fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn ará Toledo tilẹ̀ lọ jìnnà ju èyí lọ: wọ́n dìbò fún òfin kan tí ó sọ pé Adágún Erie fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wà àti láti gbèrú. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, adájọ́ fagi lé òfin náà. Èmi kì í ṣe amòfin, n kò sì ní sọ pé adájọ́ náà ṣìnà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ó ti rí ẹja tí ó kú sórí omi nítorí ìwà ènìyàn kò lè fi ọkàn òtítọ́ sọ pé òun kò jẹ ẹja ní ohunkóhun.

Bí a ti ń san gbèsè yìí nìyí. Èkíní, sún mọ́ ohun tí o rí kí o tó sọ̀rọ̀. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tí ó pé. Ẹni tí ó ti òkèèrè fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀ lè fi òdodo rẹ̀ ṣe ìwà ìkà. Òtítọ́ ni gbèsè tí a kọ́kọ́ ń san. Èkejì, sọ ohun tí o rí fún ẹni tí ó lè ṣe nǹkan sí i, kí o sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí ń ba omi jẹ́ kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, mú ìpín tìrẹ kúrò nínú ìbàjẹ́ náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ̀kẹrin, má ṣe dẹ́kun. Adágún Erie jí, ìṣọ́ dẹ̀, ó sì tún dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìwà rere kì í ṣe ilé tí a kọ́ tán tí a wá ń sùn sínú rẹ̀. Oko ni, èyí tí koríko ń padà sí bí a bá gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ìwọ tí ń ka ìwé yìí ni yóò di onímọ̀ tí ń ka àwọ̀ omi láti òkè ọ̀run. Ó sì lè jẹ́ pé ìdí gàrí tàbí inú oko tàbí orí ọ̀sà ni iṣẹ́ rẹ yóò wà. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, lọ sí odò tí ó sún mọ́ ilé rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Dúró ní etí rẹ̀, kí o sì wò ó dáadáa. Béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ẹni tí ń pọn ọ́n ní ìsàlẹ̀. Bí o bá rí ohun tí kò tọ́, má ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó, bí mo ti ṣe.